Ọ̀nà Tó Bá Ilẹ̀dú Wá

Èmi kì í ṣe onítàn. Ọwọ́ mi ló mọ iṣẹ́ ṣe, ẹnu mi kò tó o. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òjìji èèyàn kì í ju ìbú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Mi ò sùn. Ara mi yá. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, ilẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀. Kó lọ fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe. Kì í ṣe oko o. Ọgbà inú ilé: koríko, òdòdó, ata díẹ̀ lẹ́yìn kíṣìnnì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ti bárò fún ọ̀gá mi kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Oníyẹ̀pẹ̀, o máa padà wá. Kí lobìnrin mọ̀ nípa ilẹ̀?" Ó rò pé orúkọ yẹn á dùn mí. Mo ra ọ̀dà funfun, mo kọ ọ́ gàdàgbà sára bárò mi: ONÍYẸ̀PẸ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá gbà ni ti Ìyá Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, àwọn nìkan ló sì ń gbé ilé wọn. Orí yanrìn ni ilé náà wà. Yanrìn funfun báláú, irú èyí tó máa ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án. Tí o bá da omi sí i, kí o tó gbé garawa kúrò, ó ti mu ún tán, kò sì ní dúpẹ́.

Èèyàn méjì ti gbìyànjú ẹ̀yìnkùlé yẹn ṣáájú mi. Ọ̀gá mi ni ẹnì kejì. Ó da ilẹ̀dú típà mẹ́ta lé yanrìn lórí, ó tẹ́ ẹ bí ẹni tẹ́ ẹní sórí símẹ́ńtì, ó gbin koríko sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Gbòǹgbò koríko wọ inú ilẹ̀dú, ó débi yanrìn, ó dúró. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó sì ṣí kúrò nílẹ̀ bí èèpo egbò. Ọ̀gá mi ní yanrìn yẹn kò gbọ́ràn, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì bi mí, "Ṣé ìwọ lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, mà."

"Ohun tí àwọn tó ṣáájú ẹ sọ náà nìyẹn."

"Wọ́n tẹ́ ẹ ni, mà. Èmi á pò ó."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wo aboyún tó ní òun kò tíì rọbí. "Ó dáa. Tí koríko yẹn bá dúró títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi parí, màá sọ fún wọn ní ilé ìgbẹ̀bí pé ìwọ ni kí wọ́n gbé ọgbà wọn fún. Tó bá kú, ọ̀gá ẹ ni wọ́n máa gbé e fún. Ó ti ń bẹ̀ wọ́n tipẹ́."

Ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Yanrìn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, kò sí ìyá ọmọ tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn. Inú mi dùn jù.

Mo pín ẹ̀yìnkùlé náà sí ọ̀nà mẹ́ta: apá ìdí ògiri ẹ̀yìn, apá àárín, àti apá tó kan àtẹ̀gùn kíṣìnnì. Típà kan fún apá kan. Bọ̀dá tó ń wa típà náà, Má-fòyà ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ohun tó kọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ó da típà àkọ́kọ́ sílẹ̀, gbìì. Mo sún mọ́ ọn. Ó dúdú, ó ń rùn bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kan ilẹ̀. Mo bù ú lọ́wọ́, mo wọ́n omi sí i, mo fún un pọ̀. Ó dì. Mo fi ìka tọ́ ọ. Ó fọ́. Ilẹ̀ tó bá dì tí kò fọ́, amọ̀ ni. Èyí tí kò dì rárá, yanrìn ni. Èyí tó dì, tó sì fọ́ tí o bá tọ́ ọ, òun lọba.

"Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, Àǹtí?"

"Bọ̀dá, ká ní ó ṣeé jẹ ni, mi ò ní fún yín níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣàṣìṣe. Bí ọ̀gá mi ṣe burú tó, òfin kan wà tó kọ́ mi: má gba ilẹ̀dú tí o kò tíì rí ihò tí wọ́n ti wà á. Lọ wò ó. Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń da epo mọ́tò sí. Ó lè jẹ́ ibi tí èpò tí kì í kú wà. Lọ́jọ́ náà, mi ò béèrè. Ilẹ̀ náà ti wọ̀ mí lójú.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́. Mo fi ajọ̀ jọ ilẹ̀dú náà. Mo gbẹ́ yanrìn dé ìgbọ̀nwọ́, mo po ìdajì ilẹ̀dú mọ́ ọn pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, mo wá da ìyókù lé e. Mo na okùn, mo fi pákó fà á kó tẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Mo dúró, mo nu ọwọ́ mi sára aṣọ, mo yin ara mi. Kò sẹ́lòmíì níbẹ̀ tó máa bá mi ṣe é.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn kíṣìnnì láti jẹ búrẹ́dì. Oòrùn wà láàárín orí. Adìẹ aládùúgbò dákẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní òpópónà kejì dákẹ́. Mo tẹrí ba, mo bu búrẹ́dì jẹ. Mo gbójú sókè.

Ọ̀nà kan wà lórí ilẹ̀ mi.

Kì í ṣe ipa ẹsẹ̀. Ká ní ipa ẹsẹ̀ ni, mo mọ èébú tí mo máa bú. Ọ̀nà ni. Irú ọ̀nà tóóró tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tó ti le, tó ń dán. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri ẹ̀yìn, ó bọ̀ tààrà, ó dé ibi tí ilẹ̀dú mi parí sí, ó dúró. Kò sí nǹkan kan lórí yanrìn tó tẹ̀ lé e.

"Ìyá! Ṣé ẹ kọjá níbí ni?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì yọjú láti kíṣìnnì. "Ẹsẹ̀ wo ni kí n fi kọjá? Ti ọ̀tún tó ń ro mí, àbí ti òsì tó ń ro mí?"

Wọ́n wá rí i. Wọn ò ṣàwàdà mọ́.

Mo mú réèkì. Eyín rẹ̀ fò lórí ọ̀nà náà. Mo mú ọkọ́, ó dún bí ìgbà tí a bá gbá pákó. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà, apá mi wọ ibẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Mo gbé dígà, mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un pò, mo tún un fà. Ilẹ̀ ṣú kí n tó parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo jókòó, mo kọjú sí i. Mo ní mi ò ní ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ojú kì í ṣàìṣẹ́. Mo ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀nà ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló padà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá gbà, ilẹ̀ ló ń bá mi jà? Mo ní kí Má-fòyà gbé típà kejì wá. Mo jọ̀ ọ́, mo pò ó, mo fà á. Mo ṣe apá àárín yẹn dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ọ̀sán, ọ̀nà náà gùn sí i. Ó wọ apá àárín. Níbì kan, ó yà sí òsì, ó yí po bí ẹni tó ń yẹra fún nǹkan, ó tún padà sójú ìlà rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbi tó yí po náà. Mo fi ẹsẹ̀ kà á láti ògiri dé ibẹ̀. Ìṣísẹ̀ méjìlélógún.

Omi sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀kán omi, ẹyọ kan, ẹyọ kan, láti ògiri wá títí dé ibi tí ilẹ̀dú parí sí. Níbẹ̀, wọ́n pọ̀ sójú kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù rin. Ó rí bí ìgbà tí ẹni tó ru omi bá dé ibi tí kò ti rí ọ̀nà mọ́, tó wá dúró, tí omi ń kán láti orí rẹ̀.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ mi á kan nǹkan. Mi ò nà án.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ jókòó síwájú típà Má-fòyà.

"Bọ̀dá, ẹ gbé mi lọ síbi tí ẹ ti ń kó ilẹ̀ yìí."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ ṣáà gbé mi lọ."

Ibẹ̀ jìnnà díẹ̀. Katapílà ti fá ojú ilẹ̀ lọ, ó ku ilẹ̀ pupa. Ní ìsàlẹ̀, mo rí ẹnu kànga kan tí wọ́n ti fi òkúta dí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu kànga náà. Ní ìkejìlélógún, bíi ti ibi tó yí po lọ́gbà, mo dé ìdí kùkùté igi ńlá kan. Katapílà ò rí i tú. Lẹ́yìn kùkùté náà ni wọn ò tíì fá dé. Ilẹ̀dú ṣì wà níbẹ̀, ó tó típà kan. Ọ̀nà kan sì wà lórí rẹ̀, tóóró, ó le, ó ń dán. Mo tẹ̀ lé e. Ó gbé mi dé ìloro kan, òkúta kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ ti jẹ láàárín. Kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ògiri. Ìloro nìkan.

"Ta ló ń gbé ibí tẹ́lẹ̀?"

"Àǹtí, igbó ni mo bá níbẹ̀."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wo kànga, ó wo ìloro, ó wo mí.

"Àwa kọ́ la máa gbé típà kẹta," ó ní.

"Ẹ̀yin Má-fòyà?"

"Orúkọ ọkọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe orúkọ tèmi."

Nínú ọkọ̀, èmi náà ń rò ó. Ilẹ̀ tí katapílà yí, tí típà gbọ̀n, tí mo jọ̀ nínú ajọ̀, tí mo pò mọ́ yanrìn àti ìgbẹ́ adìẹ. Báwo ló ṣe rántí? Èyí tó kù níbẹ̀ ló sì dé ẹnu ìloro. Tí mo bá kó o, àtẹ̀gùn kíṣìnnì Ìyá Nọ́ọ̀sì ló máa parí sí.

Nígbà tí mo padà, ọ̀gá mi àtijọ́ ni mo bá lẹ́yìn ọgbà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé ògiri.

"Oníyẹ̀pẹ̀! Mo gbọ́ pé iṣẹ́ ti dúró. Yanrìn ṣì ń fọ́ni lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnnì."

"Kò dúró, sà."

"Má bínú, ọmọ mi. Ó ju agbára ọkùnrin lọ, ká má tíì sọ obìnrin. Wá máa ti bárò fún mi nílé ìgbẹ̀bí. Àyè ẹ wà."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mo wọlé lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì, mo kúnlẹ̀, mo sọ òótọ́ fún wọn, láti kànga dé ìloro. Mo ní, "Tí mo bá da típà kẹta, mà, ó máa dé ẹnu ọ̀nà yín. Ilé yín ni. Ẹ̀yin lẹ máa sọ. Tí ẹ bá ní kí n dá a dúró, màá dá a dúró, kí ọ̀gá mi lọ gba ilé ìgbẹ̀bí."

Wọ́n wo ilẹ̀kùn kíṣìnnì.

"Ogójì ọdún," wọ́n ní. "Ogójì ọdún ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Lọ́sàn-án, lóru. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì, a kì í bi í pé irú èèyàn wo ni ẹ́ ká tó ṣí i." Wọ́n yíjú sí mi. "Ó sì ru ẹrù, o ní?"

"Omi ni mo rò, mà."

"Ẹni tó ru ẹrù dúró nínú oòrùn, o tún ń bi mí. Dìde. Lọ kó ilẹ̀ ẹ wá."

Má-fòyà gbé e wá ṣá. Ó dà á sílẹ̀, kò pa ẹ́ńjìnnì, kò sọ̀kalẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò bá ilẹ̀ náà jà. Mo pò ó bó ṣe yẹ, mo fà á bó ṣe yẹ, mo wá fi òkúta wẹ́wẹ́ to etí ọ̀nà náà lọ́tùn-ún lósì láti ògiri, dé ibi tí mo mọ̀ pé ó máa gbà dé àtẹ̀gùn. Mo gbin koríko sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Níbi tó ti yí po, mo gbin igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan, kí ó lè rí ohun tó ń yẹra fún. Ẹni tó bá rí i á sọ pé bí mo ṣe yà á látilẹ̀wá nìyẹn. Iṣẹ́ mi rẹwà. Mi ò ní purọ́ nítorí ìwà ìrẹ̀lẹ̀.

Ní ọ̀sán, èmi àti Ìyá Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Dúrọ́ọ̀mù òjò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ti gbẹ láti ìgbà tí òjò ti dá.

Adìẹ dákẹ́. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù dákẹ́.

Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kì í ṣe ẹsẹ̀. Omi ni, omi tó ń mì nínú nǹkan, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹ̀kán àkọ́kọ́ ní ìdí ògiri. Ẹyọ kan. Ó tún kán. Ó ń bọ̀. Ó dé ìdí igi ọsàn, ó yí po. Ó dé àárín. Ibi tó ti máa ń dúró, ó dúró. Mo gbá ọwọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì mú.

Ó ń bọ̀.

Ó dé àtẹ̀gùn. Atẹ́gùn tútù kọjá lójúgun mi. Lẹ́yìn náà, nínú dúrọ́ọ̀mù, mo gbọ́ omi. Ó ń dà sínú rẹ̀, ó pẹ́ kó tó tán, bí ẹni tó rọra ń sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Ìyá Nọ́ọ̀sì wí.

Nígbà tí adìẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ̀kán omi ti gbẹ. Omi sì kún dúrọ́ọ̀mù dé ìlàjì, ó tutù, ó ń rùn bí òjò àkọ́rọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sán kọ̀ọ̀kan ló ń gbé omi wá. Ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ọgbà gbogbo àdúgbò di àwọ̀ eérú. Ti Ìyá Nọ́ọ̀sì tutù yọ̀yọ̀. Ọjọ́ tí àwọn ará ilé ìgbẹ̀bí wá wò ó, ọ̀gá mi tẹ̀ lé wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ mi, ó fún un pọ̀. Ó dì. Ó tọ́ ọ. Ó fọ́. Ó tún bù ú níbòmíì, ó tún fọ́.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń bomi rin ín lọ́sẹ̀?"

"Bó ṣe yẹ, sà."

Kí n sọ òótọ́ níbí: láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, mi ò tíì da omi kan sí i. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn, bóyá iṣẹ́ mi ni àbí ti ẹlòmíì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní mo tẹ́ ilẹ̀ yẹn bí ti ọ̀gá mi ni, yanrìn ni ì bá mu gbogbo omi tí ẹni yẹn ń rù. Èmi ni mo pò ó. Ó ń dúró nítorí mo pò ó.

Ilé ìgbẹ̀bí di tèmi.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo lọ wo ihò. Ilẹ̀ gbalasa ni, kò sí kànga, kò sí kùkùté, kò sí ọ̀nà. Mo rìn ín látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Má-fòyà gbé típà àkọ́kọ́ wá tayọ̀tayọ̀. Mo jọ̀ ọ́, mo pò ó, mo fà á. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ní ọ̀sán, mo jókòó sí abẹ́ fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí, mo kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́ mi, mo ń jẹ búrẹ́dì. Fóònù mi dún. Ìyá Nọ́ọ̀sì ni.

"Ọmọ mi, ara ẹ yá?"

"Ara mi yá, mà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Dúrọ́ọ̀mù kò kún lónìí." Wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó gba kíṣìnnì kọjá. Ó gba pálọ̀ kọjá. Ó jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Mo tẹ̀ lé ẹ̀kán náà dé òpópónà."

"Ibo ló kọrí sí, mà?"



"Ọ̀dọ̀ yín nílé ìgbẹ̀bí yẹn ni."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Nínú ilé, àwọn ọmọ tuntun tó ti ń ké láti àárọ̀ dákẹ́, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ omi tó ń mì lẹ́yìn mi, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́.

Mi ò tíì yíjú padà. Mo gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lórí aṣọ mi, mo na ẹ̀yìn mi gbọọrọ. Ilẹ̀ tó dára pọ̀ láyé. Ọ̀dọ̀ èyí tí èmi pò ló rìn wá.